Orúnkún Tí O Fẹ́ Bù fún Mi

Ilé wa, Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Jímọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ Sìkírátù,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí òtútù tí o ní ó ń ta ọ́ léèékánná lọ́hùn-ún. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Bàbá rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá rédíò jà bó ṣe máa ń ṣe. Èmi náà wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kírun tán ni mo ti jókòó ti tábìlì yìí, mo sì ti sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má pè mí. Bí o bá rí i pé lẹ́tà yìí gùn, fara dà á. Ìyá rẹ kì í kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́tà tìrẹ dé ọwọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rẹ́ rẹ tó wálé ló mú un wá. Orí ìdì aṣọ ni mo jókòó sí tí mo fi kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, mo kígbe “Alihamudulilahi” tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ti di dókítà tó ń wádìí oríkèé ara lókè òkun. Wọ́n bá mi yọ̀, wọ́n sì tún ní kí n tìtorí ẹ̀ dín owó aṣọ kù fún wọn. Ará Ìtòkú ò yí padà.

Mo wá ṣí ojú ewé kejì. O ní eegun rírọ̀ kan wà tó bo orí egungun níbi tí orúnkún ti ń ṣẹ́, pé òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. O ní tèmi ti jẹ tán, pé bó bá sì ti jẹ, kì í hù padà fúnra rẹ̀. O ní ọ̀gá yín ń mú sẹ́ẹ̀lì jáde lára eegun rírọ̀ ehoro kan, ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú àwo títí á fi pọ̀ sí i, á wá fi í sínú orúnkún ehoro mìíràn tó ti bàjẹ́. O ní àwọn ehoro náà ti ń fò. Mo yọ̀ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkòkò ọbẹ̀ ni ehoro ń bá pàdé lọ́dọ̀ tiwa níbí.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni o wá fi ọ̀rọ̀ gidi sí, bí ẹni fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. O ní bí ọ̀gá yín bá gbà láti dán an wò lára ènìyàn, o fẹ́ kí n wá. O ní ìwọ ni wọn yóò bù lára rẹ̀ fún mi, nínú orúnkún rẹ ọ̀tún, díẹ̀ péré. O ní kí n fèsì kí o tó lọ bá a sọ ọ́.

Mo fi han bàbá rẹ. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní, “Ṣé ó fẹ́ kí ìwọ àti òun jọ máa tiro ni?” Ó dìde, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ. Nítorí náà, èmi ni mo ń dá ọ lóhùn.

Rárá ni ìdáhùn mi. Mo kọ ọ́ síbí kí o má baà máa sáré ka ìyókù láti wá a. Ní báyìí tí o ti rí i, jókòó dáadáa, kí o gbọ́ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn tó ti wà nínú mi láti ọjọ́ pípẹ́ tó yẹ kí n bá ọ sọ kí ìlú òyìnbó tó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.

Èkíní. Ìgbà tí orúnkún yìí ti wú ni ìwọ mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n nígbà tó ń sáré. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kò sí àpáta tí a kì í gùn láti ibí dé Ìkijà. Àwa ọmọbìnrin á sáré sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta, ìyá mi á máa pariwo látìsàlẹ̀ pé bí a bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, kí a má wá sọ́dọ̀ òun. Láyé ìgbà yẹn, bí o bá jí ní Ìtòkú, òórùn aró ló máa kọ́kọ́ kí ọ kí o tó gbọ́ ohùn ènìyàn. Àwọn tó ń lu aṣọ á ti bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì. Ọwọ́ gbogbo ìyá agboolé wa dúdú dé ìgúnpá, kò sì sẹ́ni tó kà á sí ìdọ̀tí. Nígbà mìíràn báyìí, mo ṣì máa ń ṣàdédé gbọ́ òórùn yẹn nínú yàrá, ọkàn mi á sì fà sí i títí ojú mi á fi ro.

Ìyá mi ló ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ aláró. O mọ bó ṣe ń rí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ń wù mí láti sọ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, wọn á sì sá a títí ẹ̀kọ á fi gan paali. Bí o bá ká a, ẹ̀kọ á sán. Bí ilẹ̀ tútù bá kàn án, ẹ̀kọ á ṣí. Ibi tó bá ti sán tàbí tó ṣí, aró á wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko á sì di àkísà. Apá méjèèjì la fi ń tẹ́ ẹ gbé, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọmọ tuntun.

Ọdún tí mo wọlé bàbá rẹ, tí mi ò tíì fi iṣẹ́ ìyá mi sílẹ̀, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Mo gbé aṣọ kan tí ìyá mi yà fún obìnrin olówó kan ní Aké, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ẹni tó bá ń ṣubú á na ọwọ́ sílẹ̀, àbí? Èmi ò na ọwọ́. Mo gbé apá sókè, mo sì fi orúnkún ọ̀tún gba òkúta. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ nínú eyín mi. Ṣùgbọ́n aṣọ ò fara kan ibì kankan.

Gbogbo agboolé yìn mí. Wọ́n ní ọmọ aláṣọ gidi ni mí. Ìyá mi gba aṣọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní, “O káre.” Kò wo orúnkún mi. Èmi náà ò wò ó. Mo fi àkísà dì í, mo gba ọ̀dọ̀ aláró lọ, orí mi sì wú débi pé mi ò mọ̀ pé mo ń tiro.

Àbẹ̀kẹ́, ta ló mọ ibi tí aṣọ yẹn wà lónìí? Obìnrin Aké náà ti kú. Aṣọ ọ̀hún á ti gbó, wọ́n á ti fi nulẹ̀. Èmi àti orúnkún la ṣì jọ ń gbé. Nítorí náà, bí o bá ń ṣubú, ju aṣọ sílẹ̀. Iṣẹ́ á máa dùn mọ́ ọ̀dọ́, ìyìn á sì máa dùn ju iṣẹ́ lọ. Mo mọ ìwọ, ọmọ mi ni ọ́. O ti gbé aṣọ kan lé apá báyìí, o ò sì fẹ́ kó kan ilẹ̀, èmi sì ni aṣọ náà. Mo ní kí o jù mí sílẹ̀. Mi ò ní fọ́.

Èkejì, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbarà. O kéré nígbà tó kú, bóyá o ò rántí ju ohùn rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lobìnrin ni, òun ló sì tọ́ bàbá rẹ dàgbà. Ilé rẹ̀ ní Ìbarà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan, orí àga onígi kan níbẹ̀ ló máa ń wà. Kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ máa ń le koko, ìyàwó ilé tó bá wọlé á kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, á sì wà níbẹ̀ títí Ìyá Ìbarà á fi béèrè ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, dórí ewúrẹ́.

O mọ àṣà wa. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, bí ó ṣì ń rá, ọkọ ìyàwó ni, á sì kúnlẹ̀ kí i. Ká má wá sọ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ. Orúnkún mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí níkà nígbà yẹn. Bí mo bá kúnlẹ̀, mi ò lè dìde láìdi nǹkan mú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ọmọdé ni mí, mo ń rò pé wọ́n á ní abirùn ni bàbá rẹ gbé wálé. Mo bá dá ọgbọ́n kan, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí o jogún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ru ẹrù kì í kúnlẹ̀ délẹ̀? Á kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Láti ìgbà náà, mi ò fi orí òfìfo wọ ilé Ìyá Ìbarà mọ́. Mo ru agbọ̀n ọsàn, mo ru agbọ̀n iṣu. Nígbà tí mi ò bá ní ohun tí màá rù, mo fi aṣọ bo agbọ̀n lásán, mo rù ú bẹ́ẹ̀. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá tẹ̀, màá ní, “Ẹ kú ilé o, ìyá mi, mo ń kọjá lọ ni.” Màá sì kọjá lọ lóòótọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń dé etí mi. Wọ́n ní Ìyá Ìbarà sọ pé ìyàwó àbúrò òun ti kàwé mẹ́fà, ìyẹn ni ilẹ̀ ṣe jìnnà sí i.

Oyún rẹ wà nínú mi lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbarà ká mi mọ́ ọn. Mo ti tẹ̀ tán, mo ti ń yí ẹ̀yìn padà.

“Ìyàwó,” ó ní, “sọ ẹrù yẹn kalẹ̀.”

“Ẹ má ṣèyọnu, ìyá mi, wọ́n ń dúró dè mí ni.”

“Sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí agbọ̀n yìí, mi ò jẹ nínú ẹ̀ rí.”

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi gbé aṣọ kúrò lórí agbọ̀n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ewé gbígbẹ kan. Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, orúnkún kọ̀, ìwọ náà sì wúwo nínú mi. Mo di ògiri mú, ẹkún gbọ̀n mí.

“Ìyá mi, ẹ dákun, kì í ṣe ìgbéraga. Orúnkún mi ni. Kò fẹ́ ṣẹ́ mọ́.”

Tòun ti gbogbo iyì rẹ̀, ó ká ìró sókè, ó fi orúnkún tirẹ̀ hàn mí. Ó wú ju tèmi lọ, ó sì ti wọ́.

“Kí lo rò pé ó gbé mi sórí àga yìí?” ó ní. “O rò pé ipò ni? Mo ń fajú ro kí ẹnikẹ́ni má baà retí pé màá dìde ni!”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, a rín in títí àwọn ará ilé fi jáde wá wò wá. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbà kí n kúnlẹ̀ fún òun mọ́. Ó ní kí n máa fa àpótí jókòó ti òun, kí n gbé ọwọ́ lé orúnkún òun, òun náà á sì gbé ọwọ́ lé tèmi. Bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òun ni mo máa ń fi òrí wọ́ lẹ́sẹ̀, òun náà á wọ́ tèmi, á sì máa sọ fún mi bí bàbá rẹ ṣe ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí mo bá gba Ìbarà kọjá báyìí, mi ò lè wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí òtútù bá ń pa ọ́, sọ ọ́. Bí ọ̀gá yín bá ń di iṣẹ́ ẹlòmíràn kún tìrẹ, sọ ọ́. Bí ilé bá sì ń wù ọ́, kọ ọ́ sí mi, má kọ “mo wà dáadáa” bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa ń kọ ọ́. Má ṣe ru agbọ̀n òfìfo kiri ìlú òyìnbó.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá.

Ṣé o rántí nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo bá nà gbalaja sórí ẹní lẹ́yìn ọjà? O máa ń wá gbé etí lé orúnkún mi. Wàá ní kí n ká a, wàá ní kí n nà án. Lọ́jọ́ kan o gbójú sókè, o ní, “Màmá, ẹnì kan ń jẹ gúgúrú níbẹ̀.” A rẹ́rìn-ín débi tí bàbá rẹ fi jí. Ó ní ọmọ yìí máa di dókítà, mo ní kó yéé fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ náà lo máa ń fi aṣọ àti omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi, ọwọ́ kékeré yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bóyá ìgbà yẹn ni o ti pinnu nínú ara rẹ pé ìwọ lo máa tún un ṣe. Mi ò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ yẹn, ọmọ mi. Inú mi kàn ń dùn pé orí rẹ wà lẹ́sẹ̀ mi ni.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín wá kù. Mo tún lẹ́tà rẹ kà lánàá. O sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ehoro tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì sí lára. Èyí tí wọ́n bù lára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ń fò? Ìwọ lo sọ fún mi pé eegun yẹn kì í hù padà. Bí tèmi ò bá hù, kí ló máa mú tìrẹ hù? Ó lè jẹ́ pé ẹ ní ìdáhùn sí i, mi ò kàwé tó yín. Ṣùgbọ́n nínú òwò tiwa, a kì í gé aṣọ ìyàwó láti fi lẹ aṣọ iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, kì í sì ṣe nítorí tèmi nìkan: lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ènìyàn, gbogbo ojú á wà lára ẹni tó gbà, wọ́n á máa bi í bó ṣe sùn. Ìwọ, kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fún un. Bi òun náà bó ṣe sùn. Má sì jẹ́ kí wọ́n kánjú ju bí iṣẹ́ ṣe rí lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mi ò sọ pé mi ò ní gbà á láéláé o. Àga ni mo fi ń kírun báyìí, kì í sì dùn mọ́ mi. Ó ń wù mí kí iwájú orí mi tún kan ilẹ̀ kí n tó lọ. Mo tiẹ̀ bi Àlùfáà wa bóyá ó dára kí n gba nǹkan lára òkú. Ó ní òun á yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé, láti ìgbà náà bó bá rí mi lókèèrè, ó ń yà sọ́nà mìíràn. Bí iṣẹ́ yín bá yọrí, tó ti mọ́ àwọn ẹlòmíràn lára, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ti kú ló fi sílẹ̀, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda, pè mí. Màá di ẹrù mi. Màá béèrè orúkọ ẹni náà lọ́wọ́ yín, kí n lè máa ṣe àdúà fún un. Ṣùgbọ́n lára rẹ, rárá. Ẹnu mi ò ní yí.

Bàbá rẹ ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mò ń kọ, bó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni ń wá ṣíbí. Ó ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà pé òun náà sọ pé rárá. Ó tún ní irọ́ ni Ìyá Ìbarà pa, pé òun ò jí ẹran jẹ rí. Mi ò gbà á gbọ́.

Ó wá ku ohun kan. O ní Ràṣídì tí ẹ jọ ń fẹ́ra yín àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ wá bá wa sọ̀rọ̀ bí o bá wálé. Kí wọ́n máa bọ̀. Lọ́jọ́ ìdána rẹ, wàá kúnlẹ̀ níwájú èmi àti bàbá rẹ kí a ṣàdúà fún ọ. Àdúà náà á pẹ́, nítorí bàbá rẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé e kúrú. Lẹ́yìn náà, wàá lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ, wàá kúnlẹ̀ fún gbogbo ilé wọn, dórí ọmọ tó ń rá. Bó bá sì tó àsìkò, wàá kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ bí mo ṣe kúnlẹ̀ tìrẹ, tí mo fi orúnkún tó ti bàjẹ́ kúnlẹ̀, tí mi ò sì rántí pé ó ń dùn mí.

Orí àga ni èmi máa wà lọ́jọ́ yẹn, bí Ìyá Ìbarà. Màá máa wò ọ́. Mo fẹ́ rí i kí eékún rẹ méjèèjì kanlẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kí o sì dìde láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tí o bá dìde tán, wá sọ́dọ̀ mi, gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Èmi náà á gbé ọwọ́ lé tìrẹ, ti ọ̀tún, kí n fọwọ́ ara mi mọ̀ ọ́n pé ó ṣì pé.

Èmi ni,
ìyá rẹ,
Sìkírátù.